Lẹ́yìn Aago Mẹ́rin Ni Kí Ẹ Wá Mọ̀ Wá

Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílẹ̀ wa ló ní ìwé pélébé kan tí wọ́n máa ń há fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹ ṣí i wò. Orúkọ àwọn olùkọ́ á tò lọ bẹẹrẹ, oyè á sì máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn: NCE, B.Ed., M.Ed., PhD, títí lẹ́tà oyè á fi gùn ju orúkọ lọ. Lẹ́yìn wọn ni ẹ ó rí rẹ́jísítírà, bọ́sà àti àwọn igbákejì wọn. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, tàbí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, tàbí èmi tí mo jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé ní ilé ìkàwé. A ò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé náà tán, á mọ bí ìwé tí olúkúlùkù kà ṣe pọ̀ tó, kò sì ní mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n kọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn láti máa ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó ti máa ń ṣe é, kí ibẹ̀ sì jẹ́ ìta gbangba. Olùkọ́ o, akọ̀wé o, awakọ̀ o, ẹni tó ń gé koríko o. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo sọ ọ́ nípàdé òṣìṣẹ́, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, ni mo bá gbé e wá sínú ìwé ìròyìn.

Mo mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìlà tó máa ń kẹ́yìn ìwé ìwáṣẹ́ ni mò ń wí, èyí tí gbogbo wa máa ń kọ ohun kan náà sí: ìwé kíkà, ìrìn àjò, bíbá ènìyàn ṣọ̀rẹ́. Ta ló ń rìnrìn àjò afẹ́ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo mọ́tò báyìí? Ti ìwé kíkà ẹ̀wẹ̀, èmi ni kí ẹ bi. Èmi ni mò ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sẹ́yìn ìwé. Mo mọ ọ̀gá tó kọ ọ́ pé ìwé kíkà ni ìgbafẹ́ òun, tí káàdì ìyáwèé rẹ̀ kò tíì ní òǹtẹ̀ kankan. Mo sì mọ akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìṣúná tí kò kọ nǹkan kan síbì kan, tó ti ka gbogbo ìwé Fágúnwà tó wà lórí pẹpẹ wa tán, tó tún ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Fágúnwà kì í dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí láé, àfi tó bá fẹ́ san owó ilé-ìwé.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tó kọ ìtàn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ìwé náà fi jáde ní ọdún 1938. Kò sí ẹni tó gbà á síṣẹ́ pé kó máa kọ ìtàn iwin. Bí a bá ní ká yọ ohun tí àwọn olùkọ́ ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kúrò nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílẹ̀ Yorùbá, kò dájú pé ohun tó máa ṣẹ́kù tó sọ.

Ẹ wo Ayọ̀délé Awójọbí ní Yunifásítì Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n sì ni ó fi ṣe ìwádìí, ẹ̀kọ́ tí èmi àti ẹ̀yin ò ní lóye. Ṣùgbọ́n ọdún 1972 ni Nàìjíríà ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kó bọ́ sápá ọ̀tún. Awójọbí ní ọkọ̀ Opel kan tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tú u, ó gbé ìdarí náà bọ́ sọ́wọ́ òsì. Kò fi mọ síbẹ̀, ó tún kan ọkọ̀ mìíràn tó pè ní Autonov 1, tó lè sáré lọ síwájú kó sì sáré padà sẹ́yìn bákan náà láì yíjú. Tó bá tún di alẹ́, òun náà lẹ ó rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń béèrè ìbéèrè nínú ìdíje Mastermind. Ọdún 1984 ló kú, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn tí kò mọ ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ ń jẹ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì torí ohun tí wọ́n rí lójú títì àti lórí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ mọ èyí tó ń kọ́ni ní kíláàsì. Ní Wesley College ní Ìbàdàn, orin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló ṣẹ̀dá rẹ̀, olùkọ́ èdè Yorùbá tó jẹ́ pé èdè Faransé ló kọ́kọ́ kà gboyè ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó jáde ní Wesley, wọ́n mọ orin náà látòkè délẹ̀. Wọn ò mọ ẹni tó ni ín.

Ní tèmi, ayò ni. Bàbá mi ló kọ́ mi. Kò bí ọkùnrin, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa fìyà jẹ lójú ọpọ́n nírọ̀lẹ́. Nígbà tó papò dà, mo gbé ọpọ́n rẹ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, abẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ lẹ ó ti bá wa: èmi, ọ̀gbẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò kan tó jẹ́ Dókítà. Ẹni tó bá mọ ayò mọ̀ pé ojú ọpọ́n kì í bọ̀wọ̀ fún PhD. Ihò 12 ni, mẹ́fà tèmi, mẹ́fà tìrẹ, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 48. Dókítà lè fojú ka ọmọ tó wà nínú odù kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, síbẹ̀ ọ̀gbẹ́ni jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Tó bá sì jẹ ẹ́ tán, á bú u. Bẹ́ẹ̀ ni ayò ṣe rí láyé àwọn baba wa: ọ̀ta láṣẹ láti pe òpè ní òpè, ì báà jẹ́ baálẹ̀ ni òpè ọ̀hún, inú kì í sì í bí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán. Wọn ò gbọ́ ọ rí kí òṣìṣẹ́ kékeré sọ fún Dókítà pé kó lọ fi owó tó fi kàwé ra àgbàdo, kí Dókítà sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n sún mọ́ wa. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, ará Ìgbómìnà, tó gbọ́ ayò látilé. Ó jókòó, ó jẹ awakọ̀, ó jẹ Dókítà, díẹ̀ ló kù kó jẹ èmi náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní ọmọ náà nawọ́ sókè ní kíláàsì, ó ní látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe kò yé òun. Kíláàsì dákẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn ní kò yé òun náà, ẹlòmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ó pẹ́ tí òun ti ń kọ́ni, kò sí ọmọ tó sọ irú rẹ̀ lójú òun rí. Ìwé ìdánwò ló máa ń sọ ọ́ fún òun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mo fara mọ́ ọ̀wọ̀. Èmi náà ń fẹ́ kí ọmọ kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wí pé ẹ káàárọ̀ sà, tó tẹríba, tó sì yára bá tirẹ̀ lọ, tí kò sí gbólóhùn mìíràn tó lè tẹ̀ lé e láàárín ọdún mẹ́ta tó fi gba NCE, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má pè é ní ọ̀wọ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ilá ni olùkọ́ rẹ̀ ń gbìn sẹ́yìn ilé òṣìṣẹ́ ní gbólóhùn kejì: ilá yín ńkọ́ sà, ṣé òjò yìí kò bà á jẹ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ilá tún mú mi rántí ohun kan tó le. Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì léèrè lónìí ohun tó ń fi ọwọ́ tó dilẹ̀ ṣe, á ní òun ń sin ẹja àrọ̀, tàbí òun ń rán aṣọ, tàbí òun ń fi mọ́tò òun kérò. Ẹ̀bi wọn kọ́. Lọ́dún 2022, àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, ìjọba sì ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti mọ iṣẹ́ tí ilé-ìwé kò kọ́ wọn. Àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ṣàìní tiwa. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń tà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé Dókítà Lágbájá fẹ́ràn ẹja àrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ́gbọ́n lórí á ti mọ̀ pé kí òun ra ẹja kí ìdánwò tó dé. Wàhálà hándáòtù tí wọ́n ń fipá tà fún wọn ò tíì tán nílẹ̀. Ohun tí kò mówó wọlé nìkan ni kí wọ́n kọ. Bí ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí bá kún ìwé náà, kò burú, ọ̀pọ̀ wa kò ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, àmọ́ kí ẹni tó bá kọ ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọrin lóòótọ́.

Ìpọ́nni á wà o. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ṣèèṣì sọ ọ́ ní kíláàsì pé Arsenal lòun ń tì lẹ́yìn. Kí sáà tó parí, àwọn tí kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ti ra jẹ́sì. Ọ̀gá náà fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí, ó ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣọ́ ilé lọ́jọ́ báyìí báyìí. Jẹ́sì kò fi máàkì kún máàkì ẹnikẹ́ni. Irú ìpọ́nni bẹ́ẹ̀ kì í pa mí lára. Èyí tí wọ́n ń gbé nínú àpò ìwé lọ sí ọ́fíìsì ló burú.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló bi mí ní ìbéèrè tó le jù. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, bí ọmọ bá jẹ mí láyò lánàá, ojú wo ni màá fi fún un ní F lónìí?" Mo ní, "Bàbá, ojú tí ẹ ó fi jẹ òun náà láyò lọ́la ni." Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Mo wá sọ ti ọmọ Ìgbómìnà fún un. Ọmọ yìí tó ń jẹ Dókítà lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, D ló rí nínú iṣẹ́ Dókítà ní sáà yẹn. Ó padà wá sábẹ́ igi kajú. Wọ́n ta ayò, wọ́n bú ara wọn bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tó dárúkọ D. Bàbá ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun kò lè ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ojú òun kò le tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ti Bàbá lọ ni ti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin ni mí, mo bí obìnrin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, BBC gbé fíìmù kan jáde tó fi àwọn olùkọ́ fásitì kan ní Nàìjíríà àti Ghana hàn, bí wọ́n ṣe ń fi ipò wọn dọdẹ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Látìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn olùkọ́ dáadáa tó ti pinnu pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má mọ àwọn rárá. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó yé mi. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọdẹ burúkú wọ̀nyẹn máa ń sọ: wá rí mi ní ọ́fíìsì, wá rí mi nílé. Kò sí èyí tó ní kó wá rí òun lábẹ́ igi kajú, níbi tí awakọ̀, akọ̀wé àti ọmọ mẹ́wàá ti ń wòran. Ìdí rèé tí mo fi tẹnu mọ́ ìta gbangba. Kí wọ́n má kọ nọ́ńbà fóònù, kí wọ́n má kọ ọ́fíìsì, kí wọ́n má kọ ilé. Ẹni tó bá ní inú yàrá òun lòun ti ń fi àwòrán han akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n pa ìlà rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì bi í léèrè ìdí.

Àwọn ọmọbìnrin kò kọ́kọ́ wá sídìí ayò. Wọ́n kà á sí eré ọkùnrin, ìyá wọn ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí èmi tí wọ́n ń pè ní Màmá Láíbìrì, tí mo ká ìró sókè tí mo ń kó odù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá. Mo máa ń sọ fún wọn nípa Mabel Ṣẹ́gun, obìnrin tó kọ ìwé fún àwọn ọmọdé, tó ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Yaba, tó sì tún jẹ́ ògbóǹkangí nínú tẹ́níìsì orí tábìlì, débi pé ó kọ odindi ìwé lórí ọdún 25 tó fi gbá a. Ọdún 1989 ni ìwé náà jáde. Àwọn ọmọ ò gbà mí gbọ́ pé igbákejì ọ̀gá àgbà lè máa gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn. Ẹnu máa ń yà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ìwé pélébé náà wò sàn. Ọ̀kan nínú wọn ti mọ èébú ayò ju ọ̀gbẹ́ni jẹnẹrétọ̀ lọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ayò fúnra rẹ̀ ta.

Ẹni tó mú mi gbé kálámù kò tíì gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun. Ẹ̀ṣọ́ ni, ẹnu géètì ńlá ló ń dúró sí, ó ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá máa ń wọ mọ́tò lọ sí ìgbèríko, wọ́n ń wá ọdẹ tí yóò sun ìjálá fún wọn kí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n á fi káàdì han ẹ̀ṣọ́ yìí bí wọ́n bá ń jáde, á ní ẹ máa lọ o, Ògún á ṣáájú yín. Ọmọ ọdẹ ni. Ìjálá ni wọ́n fi tọ́ ọ. A máa ń kọ́ wọn ní kíláàsì nípa Adébóyè Babalọlá, tó ṣe ọ̀gá àgbà Igbobi College kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì, bó ṣe tọ àwọn ọdẹ lẹ́yìn títí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá fi jáde ní ọdún 1966. Ẹni tó lè sun ún sì wà lẹ́nu géètì kan náà tí wọ́n ń gbà wọlé. Nígbà tí mo sọ fún olórí ẹ̀ka Yorùbá, ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́ náà, mo ní ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ronú lé e, ó sì ka àdéhùn tirẹ̀ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má ti fóònù bọ òun lẹ́nu láì kọ́kọ́ tọrọ àyè. Kí wọ́n má ní kí òun sun ìjálá nínú aṣọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì lo ohun tí òun sun nínú iṣẹ́ wọn, kí wọ́n má kọ ọ́ pé ọ̀gbẹ́ni kan ní géètì ló wí. Kí wọ́n kọ orúkọ òun pé pérépéré àti ti bàbá òun, bí wọ́n ṣe ń kọ ti àwọn Dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yọ̀ǹda wákàtí méjì fún òun lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan, nítorí òru lòun ń délé.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ́jísítírà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò dúró lẹ́nu géètì fún wákàtí méjì? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti ní òun yóò dúró, bí a bá lè sún ayò sí Ọjọ́bọ̀.